Ajẹ́lẹ̀ Tí Kì í Yà Kúrò Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ sún mọ́ iná. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ibi fìdí lé, nítorí ọ̀rọ̀ Wigmund kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìnàró. Ẹni tó bá sì ní òun ti gbọ́ ọ rí, kó panu mọ́, kó jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ gbọ́.

Wigmund ni ajẹ́lẹ̀ ọba ní Elmdun wa níbí. Kí ọba tó fi í joyè, èèyàn bíi tiwa ni. Bí òjò bá pa á, a máa tutù. Bí ó bá kọsẹ̀, a máa bú òkúta. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ̀pá oyè lé e lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ebi á pa á, á ní, "Wigmund fẹ́ jẹun." Oorun á kùn ún, á ní, "Àlámọ̀rí ìlú ti wọ Wigmund lójú." Ìyàwó rẹ̀ a máa béèrè pé Wigmund wo ni.

Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ò ju kó gba ìṣákọ́lẹ̀ ọba, kó rí i pé a tún afárá ṣe, kó sì jókòó sídìí igi óákù ńlá lóṣooṣù láti gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fi àpótí ìjókòó kan àti ohùn ara rẹ̀ ṣe é. Wigmund ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ra ìwo akọ màlúù igbó kan lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń kọjá lọ, ìwo tó tóbi tó ọmọ tó ti ń rìn, wọ́n fi fàdákà de ẹnu rẹ̀. Ìwo yìí ni wọn yóò máa fọn níwájú rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni ńlá kì í fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí náà ó gbé ìwo náà kọ́ Dudda ẹrú rẹ̀ lọ́rùn. Bí Wigmund bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, Dudda á fọn ọ́n. Wọ́n ń fọn ọ́n kó tó jẹun. Wọ́n ń fọn ọ́n kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, débi pé àlùfáà kò mọ ìgbà tó yẹ kóun bẹ̀rẹ̀ àdúrà mọ́. Bí a bá ti gbọ́ ọ, dandan ni kí a tẹríba. Òun fúnra rẹ̀ ló kéde pé ìwo ni kí a máa tẹríba fún, kí á má baà máa fojú di òun nípa wíwo ojú òun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ohun tó bá ti wu olóyè láti gbọ́, kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò sọ ọ́. Osric tó ni ọlọ tí omi ń yí létí odò ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fọn ìwo ajẹ́lẹ̀, ńṣe ni omi odò máa ń dúró. Wigmund bi í léèrè, pẹ̀lú ojú tó le, pé kí ló wá mú kí omi náà tún máa ṣàn. Osric ní, "Ó máa ń dúró kí Olúwa mi kọ́kọ́ kọjá ni." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dín ìṣákọ́lẹ̀ ọlọ kù.

Ìyẹn ni Ordgar akéwì fi gbọ́ pé oúnjẹ wà ní Elmdun. Ó gbé háàpù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dé. Ordgar ti kéwì ní gbọ̀ngàn àwọn tó ju Wigmund lọ, ó sì ti rí i pé orin tó bá gùn ló ń mú àwo kún. Níbi àsè ìkórè, nígbà tí ọtí oyin ti yí tábìlì po, tí itan ẹlẹ́dẹ̀ wà níwájú olúkúlùkù, ó ta háàpù, ó sì ké e báyìí:

"Wigmund, òpó tó gbé òrùlé Elmdun ró!
Ẹlòmíràn ń yà sósì, ẹlòmíràn ń yà sọ́tùn-ún,
Wigmund kì í yà kúrò lójú ọ̀nà.
Ẹlòmíràn jẹun, ó wá ẹ̀yìnkùlé lọ;
Wigmund jẹun, oúnjẹ di ọgbọ́n nínú rẹ̀.
Ikùn kì í run ún, ìdí rẹ̀ kò mọ koríko!"

Wigmund mi orí títí. Ó wá bi gbogbo gbọ̀ngàn pé ṣé ewì lásán lèyí ni, àbí òtítọ́. Ọmọlúàbí ì bá ní ewì ni. Ṣùgbọ́n itan ẹlẹ́dẹ̀ ń ta sánsán nínú àwo, Osric sì ti dìde pé òtítọ́ pọ́nńbélé ni. Ẹni tó jókòó tì í ní òtítọ́ yẹn kéré sí ohun tí òun fojú ara òun rí. Wigmund ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n búra sí i. Ó ní kí àlùfáà gbé àpótí egungun ẹni mímọ́ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ ni igi tí yóò fi tún un ṣe wà. Ó gbé àpótí náà wá. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn jàǹkàn jàǹkàn Elmdun gbé ọwọ́ lé egungun, tí wọ́n búra pé Wigmund ajẹ́lẹ̀ kì í yà kúrò lójú ọ̀nà, pé oúnjẹ ń di ọgbọ́n nínú rẹ̀, àti pé kì í yàgbẹ́.

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ìbúra lèèyàn ní. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́jọ́, wọn ò ní kí o mú góòlù wá, ẹni tí yóò gbé ọwọ́ lé egungun pẹ̀lú rẹ ni wọ́n ń béèrè, kó ní ìbúra rẹ mọ́. Ẹni tó bá búra èké, ìbúra rẹ̀ ti kú nìyẹn, bó bá sì kú fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa sin ín sí pẹ̀lú àwọn ajá. Gbogbo èyí ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi búra nítorí itan ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹni tí ìbúra náà kọ́kọ́ kó bá ni Wigmund fúnra rẹ̀. Ṣáláńgá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n wó o lọ́jọ́ kejì, torí kí lèèyàn tí kì í yàgbẹ́ ń fi ṣáláńgá ṣe? Láti ìgbà náà ló ti ń yọ́ jáde kí àkùkọ tó kọ, bí ẹni fẹ́ lọ jí ewúrẹ́ gbé. Bí oyè ṣe ń dùn tó nìyẹn.

Wàyí o, òfin kan wà tó dàgbà ju bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Bí èèyàn bá wà nínú igbó, tó bá kúrò lójú ọ̀nà, àfi kó pariwo tàbí kó fọn ìwo. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni. Ẹni tó bá rí i lè mú un, wọ́n sì lè so ó rọ̀. Òfin tó dára ni. Ẹni tí kò ní nǹkan lábẹ́ aṣọ kì í bẹ̀rù ariwo. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilé kan ní Elmdun tí kò ní ìwo, kékeré ńlá, lórí èèkàn ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ìwo ńlá dé, Wigmund ní ìwo ti pọ̀ jù nílùú. Ó ní bí darandaran bá ń fọn ìwo, tí ajẹ́lẹ̀ náà ń fọn ìwo, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ èyí tó yẹ kóun tẹríba fún? Wọ́n kó gbogbo ìwo ìlú, ti màlúù ti ewúrẹ́, sínú àká rẹ̀. A ní kò burú, a ó máa pariwo. A pariwo fún ìgbà díẹ̀. Ordgar ń ṣiṣẹ́ lórí apá kejì orin rẹ̀ nígbà náà, ó ní ariwo àwọn tó ń da ẹlẹ́dẹ̀ ń dà á láàmú. Wigmund kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo mọ́. Àwọn kan lọ bá a, wọ́n ní Olúwa mi, báwo la ó ṣe máa wọ igbó? Ó ní olóòótọ́ èèyàn ò ní nǹkan án wá nínú igbó.

Àsìkò tí èso óákù ń já bọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, àsìkò tí gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ìlú ń lọ sanra nínú igbó. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í rìn lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Bí ọwọ́ ṣe tẹ Tetta nìyẹn. Opó ni Tetta, ojú ogun ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ tó ń sìn ni yóò pa, ni yóò fi iyọ̀ sí, tí yóò fi la ìgbà òtútù já. Ẹni tí kò bá ní oúnjẹ ìgbà òtútù nílẹ̀ wa, ohun kan ló kù fún un: kó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ní àká, kó gbé orí rẹ̀ lé e lọ́wọ́ méjèèjì, kó sì di ẹrú rẹ̀ nítorí búrẹ́dì. Bí Dudda ṣe di ẹrú Wigmund nìyẹn, ní ọdún tí ọkà ò so. Nítorí náà, nígbà tí abo ẹlẹ́dẹ̀ Tetta sá wọ igbó, Tetta ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó sá tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀ igi.

Ẹjọ́ rẹ̀ ò gba àkókò rárá. Wigmund bi í lábẹ́ igi óákù bóyá ó kúrò lójú ọ̀nà.

"Mo kúrò, Olúwa mi. Ẹlẹ́dẹ̀ mi ni mo ń lé."

"Ṣé o fọn ìwo?"

"Ìwo mi wà nínú àká yín."

"Ṣé o pariwo?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má pariwo."

Wigmund gbójú sókè bí ẹni ń ka nǹkan lára ìkùukùu. Ó ní, "Òfin kì í béèrè ìdí. Wigmund náà kì í béèrè ìdí. Olè ni ọ́." Osric ní àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ìbá sunkún bí wọ́n bá gbọ́ ìdájọ́ yìí. Wọ́n ò so Tetta rọ̀, torí ajẹ́lẹ̀ jẹ́ aláàánú, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó. Wọ́n sì kéde rẹ̀ ní olè, ìyẹn ni pé ìbúra rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́ níbikíbi. Tetta lọ sílé, ó ka ohun tó kù nínú ìkòkò rẹ̀, ó sì rí i pé kò ní tó ó dé ààrin òtútù.

Kì í ṣe òun nìkan. Kí ewé tó já bọ́ tán, ìdajì Elmdun ti di olè, ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Wigmund sì ti kún. Wigmund ránṣẹ́ sí Balógun Ealhere, tó ń ṣàkóso gbogbo àgbègbè wa fún ọba, pé kò sí ìlú tí òfin ti dúró tó Elmdun, pé níbí, òfin kì í béèrè ìdí. Balógun dá a lóhùn pé ó dáa, òun ń bọ̀ wá wò ó.

Ìròyìn yìí mú orí Wigmund wú. Ó se àsè. Àwọn ará irà ti kó ìṣákọ́lẹ̀ wọn wá, ẹja gígùn tó ń yọ̀ bí ejò, tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Wigmund jẹ ẹ́. Osric ń sọ pé ikùn tó ń sọ oúnjẹ di ọgbọ́n, kí ló dé tí a ó fi kúkú dín ọgbọ́n ìlú kù? Wigmund tún jẹ òmíràn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ní òwúrọ̀, ó múra láti lọ pàdé Balógun lójú ọ̀nà. Ó wọ agbádá onírun, Dudda ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwo. Nígbà tí wọ́n dé àárín igbó, ẹja irà bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wigmund dúró. Ó fi ọwọ́ mú ikùn. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹ bá mi gba tirẹ̀ rò. Bó bá fọn ìwo, gbogbo àgbègbè ni yóò mọ ibi tó wà. Bó bá pariwo, àwọn èèyàn á wá wo ohun tó ń ṣe é. Ìbúra gbogbo jàǹkàn jàǹkàn ìlú sì wà lórí ìdí rẹ̀.

Ó sọ fún Dudda pé, "Dúró síbí. Wigmund fẹ́ lọ wo bí igi ọba ṣe ń dàgbà sí."

Dudda béèrè bóyá kí òun fọn ìwo. Wigmund ní ìgbà tí òun bá gbé ọwọ́ sókè ni kó fọn ọ́n. Ó ti sáré bó ṣe ń sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí Tetta fi dé ibẹ̀, tó ru igi ìdáná, ó sì ń rìn láàárín ojú ọ̀nà bí ẹni tó ti kọ́gbọ́n. Ó ti rí agbádá onírun tó wọ igbó lọ lókèèrè. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó bi Dudda ibi tí ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ó ní òun lọ wo igi," ni Dudda wí.

Tetta tẹ́tí. Ohùn kan jáde láti inú igbó, ó gùn díẹ̀, ó sì dún dáadáa.

"Igi náà tóbi," ni Tetta wí.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ Balógun ló ń ṣáájú rẹ̀ bọ̀, wọ́n gba inú igbó. Èèyàn ọ̀nà jíjìn ni wọ́n, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni ní Elmdun. Wọ́n bá ọkùnrin kan tó lóṣòó lẹ́yìn igi, tí kò fọn ìwo, tí kò pariwo. Wọ́n béèrè pé ta nìyẹn. Kò dáhùn, nítorí láti ọjọ́ tó ti joyè, wọn ò bá a sọ̀rọ̀ rí láìkọ́kọ́ fọn ìwo. Nígbà tí wọ́n dì í mú, ó ní ṣé wọn ò mọ òun ni, òun ni ajẹ́lẹ̀ Elmdun. Èyí àgbà nínú wọn fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ Elmdun kì í rìn láìsí ìwo níwájú. Wọ́n dì í lọ́wọ́, wọ́n sì mú un gba inú igbó lọ. Dudda wà lójú ọ̀nà títí oòrùn fi kàn tárí, ó ń wo ọwọ́ tó máa gbé sókè.

Gbogbo ìlú ti pé sábẹ́ igi óákù nígbà tí wọ́n fa Wigmund dé, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ àti ewé nínú irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó tẹríba. Kì í ṣe àfojúdi o, a ò gbọ́ ìwo ni.

Arúgbó ni Balógun Ealhere, ogun ti gba etí rẹ̀ kan. Ó ń jẹ èso ápù kan, kò sì kánjú. Ó béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ajẹ́lẹ̀ wa nìyí, a ní òun ni. Ó wá bi Wigmund léèrè bó ṣe dé ẹ̀yìn igi. Wigmund gbé àyà síwájú, ó ní Wigmund jẹ́ òpó tó gbé òrùlé ró, ó ní ó ṣeé ṣe kí òpó fẹ́ mọ bí àwọn igi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe, ó ní àlámọ̀rí ìlú a máa gbé èèyàn dé ibi tí ojú ò tó. Ó sọ ọ́ títí. Balógun jẹ ápù rẹ̀ tán.

"Ṣé o fọn ìwo?" ni Balógun wí.

"Ìwo wà lọ́wọ́ Dudda."

"Ṣé o pariwo?"

"Wigmund ti fòfin de ariwo."

"Ìwọ lo ránṣẹ́ sí mi pé ní Elmdun, òfin kì í béèrè ìdí. Ó wù mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti wá, a máa ń béèrè ìdí kí a tó so èèyàn rọ̀. Okùn ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ, kò ní pẹ́ dé ọrùn gan-an. Bí o bá ní ìdí, sọ ọ́, kí o sì fi ẹni tí yóò bá ọ búra hàn mí."

Wigmund wo okùn. Ó wo àwa. Ẹ̀rù ń bà á gidi, mo sì sọ fún yín pé ojú àánú ni àwọn kan fi ń wò ó nígbà yẹn. Ó sọ nǹkan lábẹ́lẹ̀. Balógun yí etí rẹ̀ tó dára sí i, ó ní kó sọ ọ́ sókè. Wigmund ní ikùn ló dí òun lọ́wọ́. Balógun ní kó sọ ọ́ bí èèyàn.

"Mo lọ yàgbẹ́ ni, Olúwa mi."

Láti ọjọ́ tó ti joyè, ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó gbọ́ "mo" lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Balógun ní ìyẹn dára, ta ni yóò bá a búra sí i? Wigmund wo Osric. Osric ń wo bàtà ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó jáde síwájú díẹ̀, ó ní, "Olúwa mi, mo ti búra lórí egungun yẹn pé kì í yàgbẹ́. Bí mo bá tún búra pé ó lọ yà á, ọ̀kan nínú méjèèjì á di irọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sin mí mọ́ ajá." Wọ́n pe Ordgar. Ordgar ní akéwì lòun, Balógun bi í bóyá ó búra àbí kò búra. Ó ní òun búra. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ àsè ń padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dudda ì bá sọ̀rọ̀, ẹrú ni, ẹrú kò ní ìbúra. Àwa tó kù? Olè ni wá. Ajẹ́lẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Balógun yí wa wò. Ó ní òun ti jagun ní ibi púpọ̀, òun ò tíì rí ìlú tí apá kan ti fi ìbúra ṣẹ̀sín, tí apá kejì jẹ́ olè. Ó wá yíjú sí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wo ẹ̀ka tó máa gbà á.

Tetta ló dìde.

"Mo rí i, Olúwa mi. Ojú ọ̀nà ni mo wà. Ṣùgbọ́n ìbúra mi ò tó nǹkan. Òun yìí ló ní olè ni mí, ó sì ti kó ẹlẹ́dẹ̀ mi."

Balógun ju ìdí ápù nù. Ó ní, "Wigmund, ọwọ́ rẹ ló wà. Bí obìnrin yìí bá jẹ́ olè, kò lè bá ọ búra, mo sì máa so ọ́ rọ̀. Bí kì í bá ṣe olè, sọ ọ́."

Wigmund ní kì í ṣe olè. Balógun béèrè nípa àwọn yòókù tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀. Wigmund ní àwọn náà kì í ṣe olè. Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ padà. Tetta wá gbé ọwọ́ lé àpótí egungun tí àlùfáà ti gbé wá.

"Mo búra pé Wigmund kò wọ igbó lọ jalè. Ó lọ yàgbẹ́. Mo rí i nígbà tó ń sáré lọ, mo sì gbọ́ ọ."

"O gbọ́ ọ?" ni Balógun wí. "Láti ojú ọ̀nà?"

"Kedere, Olúwa mi."

Balógun pe àwọn àgbà jọ. Wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, wọn ò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ọ̀kan ní òfin sọ pé kéèyàn pariwo tàbí kó fọn ìwo. Èkejì ní ohun tí Tetta gbọ́ sún mọ́ ìwo ju ariwo lọ. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé òfin ò sọ ibi tí ariwo gbọ́dọ̀ ti jáde lára èèyàn. Wọ́n tú Wigmund sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹni bí Wigmund! Okùn ò tíì balẹ̀ tó ti ń tún agbádá ṣe. Ó gbọn ewé kúrò nínú irùngbọ̀n, ó ní, "Níbo ni ìwo Wigmund wà?" Ó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún dé àyà.

"Dúró ná," ni Balógun wí. "Bí wọn kì í bá ṣe olè, ẹjọ́ èké lo dá. Òfin ọba ni pé adájọ́ tó bá dá ẹjọ́ èké yóò pàdánù oyè àti ilẹ̀ rẹ̀. Àfi bó bá lè búra pé òun kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ló lè gba ilẹ̀ náà sílẹ̀."

Ọwọ́ Wigmund dúró níbi tó dé. Ẹ wo ọkùnrin tí oúnjẹ ń di ọgbọ́n nínú rẹ̀. Bó bá ní òun gbọ́n, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ ilẹ̀, àfi kó ní òun ò gbọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń mi orí pé kó sọ ọ́, kó tètè sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé egungun.

"Mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni ó wí.

Balógun ní ta ni yóò bá a búra sí i pé ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan?

Gbogbo wa dìde. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Àwọn arúgbó tí kì í jáde nílé mọ́ ní kí wọ́n gbé àwọn wá. Osric náà bọ́ sórí ìlà, Balógun ní kó padà, ṣebí òun ló búra sí ọgbọ́n. A tò lọ síwájú, Tetta ló ṣáájú, olúkúlùkù ń gbé ọwọ́ lé àpótí, à ń wí pé ìbúra ọkùnrin yìí mọ́, kò mọ nǹkankan. A fi òtítọ́ inú sọ ọ́. Àlùfáà ní òun ò tíì gbọ́ ìbúra tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti ń tọ́jú egungun náà. Nígbà tí a ṣe tán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Balógun ní ilẹ̀ Wigmund di ti Wigmund. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ìlú bá búra pé kò mọ nǹkan, òun ò lè fi ìlú náà sí i lọ́wọ́. Ó gba ọ̀pá oyè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí àká, olúkúlùkù mú ìwo rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti dàrú mọ́ra nínú ọgbà, wọn ò mọ olówó wọn mọ́. Balógun ní kí Dudda fọn ìwo ńlá kí wọ́n lè jáde. Dudda ò fọn ọ́n, ó ń wá ọwọ́ tí yóò gbé sókè. Tetta ló gbé tirẹ̀ sókè fún un, kí ìwo tó dún, kí ẹlẹ́dẹ̀ tó tú jáde. Ó sì ní ẹran nílé ní ìgbà òtútù yẹn, kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wigmund ṣì wà níbí. Kò ní Dudda mọ́, kò tún ṣáláńgá yẹn kọ́, inú igbó ló ń lọ. Ìwo ewúrẹ́ kékeré kan ló ń gbé kọ́ ìbàdí báyìí. Kó tó kúrò lójú ọ̀nà, ó máa ń fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, á sì fọn ọ́n, gbogbo wa á sì mọ ibi tó ń lọ. Bí Tetta bá wà nítòsí pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, òun náà á fọn tirẹ̀ padà, kí ó lè mọ̀ pé ẹlẹ́rìí wà.